Ọjọ́ Kejì Ìyà: Ohun Tí Mo Rí Lára Àwọn Ẹkùn Baton Rouge

(Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níwájú àwọn òbí àti ọ̀dọ́ Yorùbá ní Houston. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, àfi àwọn àwàdà tí kò ṣeé kọ sílẹ̀.)

Alága ìjókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n fi jọ̀lọ́ọ̀fù tàn wá síbí, mo rí yín, ẹ kú sùúrù. Wọ́n ti pè mí sí kọ̀rọ̀ kan pé oúnjẹ ò ní jáde títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán. Nítorí náà, ẹni tí ebi bá ń pa, kó máa ṣàmín sí gbogbo gbólóhùn mi, á tètè yá wa.

Àkọlé tí wọ́n fún mi ni "Àṣà Ìṣẹ́gun". Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: kí n wá sọ bí ọmọ ṣe ń gba máàkì rẹpẹtẹ, bó ṣe ń di dókítà. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n bésíbọ́ọ̀lù ni n ó fi sọ ọ́. Akọ̀wé wa dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bésíbọ́ọ̀lù kẹ̀? Ta ní ń wò ó nínú wa?" Mo ní èmi ń wò ó. Mo ní ẹ jẹ́ kí n wá, tí kò bá dùn, ẹ gbé oúnjẹ jáde.

Baton Rouge ni mò ń gbé, olú ìlú ìpínlẹ̀ Louisiana. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, LSU, wà níbẹ̀. Ẹkùn lorúkọ gbogbo ẹgbẹ́ eléré ìdárayá wọn, kì í sì í ṣe orúkọ lásán. Ẹkùn gidi kan tó ń jẹ́ Mike ń gbé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọdé a máa lọ wò ó bí ẹni lọ wo ọba lójúde ààfin. Ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àwọn Ẹkùn yìí ni mo mú wá bá yín.

Kí n tó lọ jìnnà: mélòó nínú yín ló gbá ráúndà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ẹ na ọwọ́ sókè. Háà, ẹ wo àwọn ìyá! Ẹ gbé ọwọ́ sílẹ̀, ẹ ti mọ bésíbọ́ọ̀lù tán. Ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kan di igi mú dè é. Tó bá gbá a, á sá yí igun mẹ́rin ká. Tó bá padà dé ibi tó ti gbéra láìkú, ayò kan nìyẹn. Tí ẹni mẹ́ta bá ti kú nínú yín, ẹ jáde, kí àwọn yòókù wọlé. Abala mẹ́sàn-án ni. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó di igi mú fọ bọ́ọ̀lù náà, gbàìn! tó fò kọjá ògiri, kò sáré mọ́, ó ń rìn gbẹ̀fẹ́ ni, òun àti gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà á sì wọlé. Home run ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ẹ wá fetí sí èyí, torí òun ni mo fẹ́ fi kọ́ ilé yìí. Ẹni mẹ́ta lọ́nà mẹ́sàn-án, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kí ẹ tó borí, ẹ ní láti pa ẹni 27. Kò sí aago. Ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, tí ẹ bá ti fi góòlù kan ṣíwájú, tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, gólì yín lè ṣubú lulẹ̀ kó ní orúnkún ń dun òun. A mọ̀ wọ́n! Ní bésíbọ́ọ̀lù, kò sí ibi tí ẹ máa sá sí. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà kí ẹ jù ú sí ẹni tó fẹ́ pa yín run, títí ẹni kẹtàdínlọ́gbọ̀n á fi kú. Ẹni 26 ti kú, ẹ ò tíì borí.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wọ pápá.

Mo kọ́kọ́ dé pápá ìṣeré wọn lóṣù kejì ọdún 2013. Ọmọ mi ọkùnrin ló wọ́ mi lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Alex Box Stadium ni wọ́n ń pe pápá náà. Mo rò pé olówó kan ló ra orúkọ sí i, àṣé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni, ọmọ tó ti gbá bésíbọ́ọ̀lù fún wọn kó tó lọ sójú Ogun Àgbáyé Kejì. Ó kú lọ́dún 1943. Ẹ mọ ibi tó kú sí? Àríwá ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níhìn-ín. Mo dúró níwájú orúkọ yẹn díẹ̀ kí n tó wọlé.

Òtútù ń mú. Ìjókòó wa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá òyìnbó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó wọ fìlà aláwọ̀ àlùkò àti wúrà, ó gbé ìwé ńlá kan lé itan, ó fi pẹ́ńsù bọ etí. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù ló ń kọ sílẹ̀. Mo rò pé oníròyìn ni. Rárá o, ìwé ti ara rẹ̀ ni, ó ti ń kọ ọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Ó bu kóró òdòdó oòrùn fún ọmọ mi, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu pa á bí ẹyẹ.

Lẹ́yìn ògiri pápá lápá ọ̀tún, pátákó gàgàrà kan wà tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ sí. Nígbà yẹn, mẹ́fà ni: 1991, 1993, 1996, 1997, 2000, 2009. Bí Yorùbá tó mọ ìwà hù, mo kí màmá kú oríire. Mo ní, ẹ̀yin mà ti gba ife o. Kò tiẹ̀ wo pátákó náà. Ó ní, "Ṣé o rí 1987 níbẹ̀?" Mo ní n kò rí i. Ó ní, "Òun ló bí gbogbo wọn."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn sọ ni mo wá jẹ́ fún yín lónìí. Mo padà sílé, mo lọ wádìí 1987.

Kókó kìíní: 1987.

Ní gbogbo oṣù kẹfà ọdún, ẹgbẹ́ yunifásítì mẹ́jọ tó bá ṣẹ́ kù máa ń pàdé ní ìlú Omaha, ní ìpínlẹ̀ Nebraska. Láti 1950 ni ìdíje náà ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Bí wọ́n bá nà ọ́ lẹ́ẹ̀kan, o ṣì wà; bí wọ́n bá nà ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, di ẹrù rẹ. LSU ò dé Omaha rí títí di 1986. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó rí gbọọrọ bí ẹyin, tí wọ́n ń gbé sá, ni wọ́n mọ̀ ní Baton Rouge. Skip Bertman ló yí i padà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó wá láti Miami, tó bẹ̀rẹ̀ sáà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1984.

Ní 1987, wọ́n tún dé Omaha, wọ́n kan Stanford. Abala mẹ́sàn-án parí, kò sẹ́ni tó borí. Wọ́n wọ abala kẹwàá, LSU gba ayò mẹ́ta, ó di 5 sí 2. Ẹni mẹ́ta péré ló kù láti pa. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún ọmọ ọdún kìíní kan tó ga bí ọ̀pẹ, Ben McDonald. Stanford kó èèyàn sí igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Paul Carey di igi mú. Gbàìn! Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, ẹni mẹ́rin wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. 6 sí 5. Stanford ló gba ife lọ́dún yẹn. LSU di ẹrù.

Ẹ ro ti ọmọ yẹn wò. Ká ní ọmọ tiwa ni, kí là bá sọ fún un nínú ọkọ̀ bá a ṣe ń lọ sílé? Ẹ má parọ́. Àwọn bàbá kan wà níbí, mo ń wo ojú yín, ẹ̀ ẹ́ ti bẹ̀rẹ̀: "Ṣé o rí ọmọ Lágbájá? Ṣé orí méjì ló ní?"

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, 1989, McDonald yẹn kan náà ni àwọn ẹgbẹ́ olówó, àwọn tó ń fi bésíbọ́ọ̀lù jẹun, kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Ẹni àkọ́kọ́! Lọ́dún 1989 yẹn náà, ọ̀nà Omaha gba College Station kọjá, tí kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí. Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí tó ní ọmọ ní yunifásítì tó wà níbẹ̀, Texas A&M, n ó sọ ọ́ o. A&M ló wà lókè gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dún yẹn. LSU ní láti nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú ilé wọn. Wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ti ń fọwọ́ bojú lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ bá mi kí i.

Wọ́n dé Omaha ní 1986, wọn ò rí i gbà. 1987, bẹ́ẹ̀ náà. 1989, bẹ́ẹ̀ náà. 1990, bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbà karùn-ún, 1991, ni wọ́n tó gbé ife. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àgbò yìí fẹ̀yìn rìn, ojú gbogbo ayé ló sì ń wò ó.

Kókó kejì: kí ni ọkùnrin yẹn ń kọ́ wọn?

Bertman ní ìtàn kan tó máa ń pa fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní: ká ní o rọ̀ sójú ọ̀gbun, okùn kan ṣoṣo ló gbé ọ dúró, ẹnì kan ló di orí rẹ̀ mú lókè. Wọ́n ní kí o yan ẹni tí yóò di okùn náà mú. Ta lo máa yàn? Ẹni tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bó, tí ẹ̀jẹ̀ á máa kán, tí kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀. Wá wo ẹni tó jókòó tì ọ́ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ṣé á di okùn mú? Ìwọ ńkọ́?

Òmíràn tó tún ń ṣe ni pé á ní kí wọ́n dijú. Ọmọkùnrin ogún ọdún, wọn á jókòó, wọn á dijú, wọn á máa fojú inú wo bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, wọn á fojú inú gbá a. Wọn á ti gbá bọ́ọ̀lù ìkẹyìn ìdíje náà lẹ́ẹ̀ẹgbẹ̀rún nínú orí wọn kí ẹnikẹ́ni tó jù ú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní àdúrà là ń gbà ní tiwa. Ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn.

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ lórí 8 oṣù kẹfà ọdún 1996, ẹ fún mi láyè.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Warren Morris, láti Alexandria, Louisiana níbẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún un, ọpọlọ ìwé ló fi gbà á. Nínú sáà yẹn, eegun kékeré kan kán nínú ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, eegun yìí wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, níbi tí ìdí igi máa ń tẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó pàdánù ọ̀pọ̀ ìdíje. Nígbà tó fi padà, kò lágbára láti fi igi gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Ní gbogbo sáà yẹn, kò gbá home run kan ṣoṣo. Nínú ẹni mẹ́sàn-án tí yóò di igi mú, òun ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn pátápátá, bí ìrù.

Àṣekágbá ni, LSU àti Miami. Ẹ rántí pé Miami ni Bertman ti wá. Ní abala kẹsàn-án, Miami gba ayò kan, ó di 8 sí 7. Ó wá kan LSU, ó sì ku ẹni mẹ́ta kí Miami gbé ife. Ẹni kìíní dé igun kejì. Lẹ́yìn náà ẹnì kan kú, àmọ́ ẹni kìíní sún dé igun kẹta. Òmíràn tún kú. Ẹni 26 ti kú. Ó ku ẹyọ kan.

Ta ló kàn? Ìrù.

Wọ́n ju bọ́ọ̀lù kìíní sí i. Kò wulẹ̀ dúró kó wo èkejì. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù náà fò lọ sápá ọ̀tún, kò ga, títẹ́ ló lọ, ó sì kọjá ògiri. 9 sí 8. Home run rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún náà nìyẹn. Títí dòní, kò tíì sí ẹlòmíràn tó fi home run parí ìdíje náà nígbà tí ẹni méjì ti kú ní abala kẹsàn-án àṣekágbá.

Fídíò rẹ̀ wà níta. Bí ẹ bá wò ó, ẹ má kàn wo Morris tó ń sáré. Ẹ wo àwọn ọmọ Miami. Ọ̀kan nínú wọn, Alex Cora, òun gan-an ló gbá èyí tó fún wọn ní ayò kẹjọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn. Ó dojú bolẹ̀ lórí koríko, kò dìde. Ní 2018, Alex Cora yìí ló jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Boston Red Sox nígbà tí wọ́n gba ife tó ga jù lọ nínú bésíbọ́ọ̀lù àwọn olówó. Nítorí náà, ìlú LSU nìkan kọ́ ni ọjọ́ kejì ìyà wà.

1997 ńkọ́? Wọ́n tún gbà á, wọ́n gbá home run 188 nínú sáà kan ṣoṣo, kò sí yunifásítì tó tíì dé ibẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Igi irin ni wọ́n ń lò, ó le nígbà náà ju ti ìsinsìnyí lọ, ayò sì ń rọ̀ bí òjò. Mo gbádùn 2000 jù ú lọ. Àṣekágbá, Bertman ti ń darúgbó, ó ku sáà kan kó fẹ̀yìn tì. Ta ni wọ́n kàn? Stanford. Wọ́n fi 5 sí 2 ṣíwájú LSU. Ẹ rántí 5 sí 2 ti 1987, àfi pé ó yí padà lọ́tẹ̀ yìí. LSU bá wọn dọ́gba, Brad Cresse sì gbá bọ́ọ̀lù tó gbé Ryan Theriot wọlé ní abala kẹsàn-án. Ẹ gbọ́ ayò rẹ̀: 6 sí 5.

Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi pẹ́ńsù tọ́ka sí i. Ó ti kọ 1987 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kékeré.

Kókó kẹta, ibi tó ti dun àwọn baba wa: ta ni yóò jogún?

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Ní yunifásítì, wọn kì í tiẹ̀ ṣe é gba ọdún márùn-ún. Ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá, ọdún mẹ́ta, àwọn olówó ti mú un lọ. Nítorí náà, ẹ sọ fún mi, tí wọ́n bá ní "LSU mọ bí wọ́n ṣe ń borí", ta ni LSU? Ọmọ tó borí ní 1991 ti di bàbá àgbà. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ṣì ń sáré lórí pápá yẹn. Kí ló wá kù?

Bertman fẹ̀yìn tì ní 2001, ó di ọ̀gá àgbà fún gbogbo eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ náà. Smoke Laval, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí, ló gba ipò rẹ̀. Laval gbé wọn dé Omaha ní 2003 àti 2004, ẹ̀ẹ̀mejèèjì sì ni wọ́n nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì léraléra tí wọ́n relé. Ní 2006, wọn ò tilẹ̀ pè wọ́n sí ìdíje. Laval fi ipò sílẹ̀. Bertman ló sì ní láti wá ẹlòmíràn sórí àga tí òun fúnra rẹ̀ gbẹ́. Ẹ bi mí, mo rò pé iṣẹ́ tó ṣòro jù tí ọkùnrin yẹn ṣe nìyẹn, ó ṣòro ju ife márààrún lọ. Ẹ wo ìdílé wa, ẹ wo ilé iṣẹ́ wa, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì wa: baba tó bá dá nǹkan sílẹ̀ kì í fẹ́ gbà pé ọmọ tóun yàn kò tó o ṣe.

Paul Mainieri ló mú wá. Sáà rẹ̀ àkọ́kọ́, 2007, kò dára, ó borí ní 29, ó pàdánù ní 26. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Lọ́dún kejì, ẹgbẹ́ náà borí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógún léraléra, wọ́n sì dé Omaha. Lọ́dún kẹta, 2009, wọ́n gba ife, wọ́n na Texas ní àṣekágbá. Ní 2017 wọ́n tún dé àṣekágbá, Florida sì nà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí LSU dé àṣekágbá tí wọn ò gbé ife. Ẹ fi Florida yìí sápò, à ń bọ̀ wá bá a.

Kókó kẹrin, tó kan èmi gan-an.

Ní 2023, Jay Johnson ti gba ipò náà. Àwọn ọmọ tó kó jọ, háà! Paul Skenes tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ìbọn, ó pa ẹni 209 nínú sáà yẹn láìjẹ́ kí igi wọn rí bọ́ọ̀lù. Dylan Crews tó jẹ́ pé ẹ ò mọ ohun tí ẹ máa jù sí i. Lẹ́yìn sáà yẹn, ẹgbẹ́ olówó mú Skenes ní ipò kìíní, wọ́n mú Crews ní ipò kejì. Kò ṣẹlẹ̀ rí kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà gba méjèèjì.

Wọ́n dé Omaha, wọ́n kan Wake Forest tí gbogbo ayé ní wọ́n máa gbé ife. Wake nà wọ́n. Wọ́n padà na Wake. Wọ́n tún kan ara wọn lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹni tó gba ayò kan títí di abala kọkànlá. Òdo sí òdo! Tommy White, ọmọ LSU, wá gbá a, ó di 2 sí 0. Mo fò dé ibi fáànù òkè ilé.

Àṣekágbá wá di LSU àti Florida, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló ni ín. Ọjọ́ Sátidé, LSU borí 4 sí 3, ní abala kọkànlá. Ó ku ẹyọ kan.

Ọjọ́ Àìkú, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ṣì wọ agbádá. Mo gbé ẹ̀bà síwájú, mo tan tẹlifíṣọ̀n, ọmọ mi jókòó tì mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyà jẹ wá! Florida ń ka ayò bí ẹni ń ka ẹ̀wà sínú ìkòkò. Ẹ̀bà tutù. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n, ó wo ojú mi, kò sọ̀rọ̀, ó padà. Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ayò 24 sí 4 ni wọ́n parí ẹ̀. Kò sí ẹgbẹ́ tó gba ayò tó bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdíje Omaha. Mo ní ó ti parí, kò sí ẹni tí wọ́n máa nà báyìí níta gbangba tó máa jí lọ́la gbá nǹkan kan.

Fóònù mi dún. Màmá ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló fi ránṣẹ́: "Ọ̀la, aago mẹ́fà."

Ibi tí òye ti yé mi nìyí. Ayò 24 yẹn, ẹ lè gbé e lọ sí ọjọ́ kejì? Rárá. Bí wọ́n bá fi ayò kan nà ọ́, ẹ̀ẹ̀kan ni. Bí wọ́n bá fi ogún nà ọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ohun mìíràn sì wà níbẹ̀ tí ojú mi ò kọ́kọ́ rí. Apá ọmọ ènìyàn kì í ṣe irin. Ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún lónìí, yóò sinmi ọjọ́ mélòó kan kó tó lè jù ú dáadáa mọ́. Nítorí náà, bí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gbọ́n bá ti rí i pé ilé ti jó dé òrùlé, kì í da àwọn apá tó dára jù sínú iná. Á kó wọn pamọ́ de ọ̀la. Ìyà náà á sì máa le sí i lójú gbogbo ayé nítorí pé ó ń pa wọ́n mọ́! Ó gba ọkàn kí èèyàn jókòó, kó jẹ́ kí wọ́n máa na òun, torí ọ̀la. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́fà. Florida kọ́kọ́ gba ayò méjì. Ọmọ mi wò mí. Mo ní má wò mí. Ní abala kejì, LSU gba mẹ́fà. Wọn ò sì dáwọ́ dúró. Ó parí sí 18 sí 4. Ife keje. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọ mi nígbà náà, ó ga jù mí lọ, ó gbé mi sókè ní pálọ̀ bí àpò gaàrí.

Kí n fi àwàdà kan sí i kí ebi má pa yín kú. Ilé ọtí kan wà níwájú pápá Omaha tó máa ń ka ife ọtí jẹ́lì tí àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mu. Àwọn ará Louisiana mu 68,888. Èmi ò mu ún o, pásítọ̀. Ìṣirò lásán ni mò ń ṣe.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ní ìbéèrè: ṣé owó kọ́? Skenes ti ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ogun òfuurufú wá. Tommy White ti North Carolina State wá. Láti 2021 ni ọmọ yunifásítì ti lè fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ gba owó, ó sì lè ká ẹrù lọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. LSU lówó, LSU lérò, òǹwòran tó ń wá sí pápá wọn kò ní ẹgbẹ́ láàárín àwọn yunifásítì. N kò ní parọ́, owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di 2025, ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́ 11.7 ni òfin gba ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kan láyè? Mọ́kànlá àti díẹ̀, fún ọmọ tó lé ní ogún. Wọ́n ń pín in nígbà náà bí ẹran ọdún ni, èyí gba ìdajì, èyí gba ìdá mẹ́rin, àwọn òbí sì ń san ìyókù. Owó ọ̀hún sì wà ní 2024. North Carolina lé wọn jáde kí wọ́n tó rí ọ̀nà Omaha.

Ní 2025 wọ́n gba ife kẹjọ. University of Southern California nìkan ló ní jù wọ́n lọ, méjìlá. Coastal Carolina ni wọ́n nà ní àṣekágbá, ẹgbẹ́ tó ti borí lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n léraléra kó tó débẹ̀. Ẹ mọ ẹni tí Coastal Carolina nà ní àṣekágbá 2016? Arizona. Ta ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Arizona nígbà náà? Jay Johnson. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbé e kiri.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé nínú 2025 kò sí ní Omaha. Ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ni, ní Alex Box níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wá láti Little Rock, ìpàdánù wọn lọ́dún náà pọ̀ ju ìborí wọn lọ. Kò sẹ́ni tó kà wọ́n sí. Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀kan ṣoṣo ló kù kí LSU kọjá. Little Rock nà wọ́n nínú ilé wọn, 10 sí 4. Èèyàn tó kún pápá dákẹ́, bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú. Àwọn kan ti ń rọ́ lọ sí ibi ọkọ̀. Èmi náà ti dìde, mo ti mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde.

Màmá ò dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, àgbà ti dé sí i. Ó kọ ẹni tó kú kẹ́yìn sílẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó kọ 10 sí 4 gàdàgbà, kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó wá ṣí ojú ewé tuntun. Ó kọ déètì ọjọ́ Ajé sókè rẹ̀, ó kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà àwọn abala, ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́sàn-án. Ó ní kí n tètè dé lọ́la, kí n bá òun di ìjókòó mú.

10 sí 6 ni wọ́n parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, LSU ló borí. Mo di ìjókòó mú fún un.

Ẹ ṣé o. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́ kí oúnjẹ tó dé. Ẹ̀yin ará A&M, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.